Ọmú mi le bí òkúta, ọmọ kò sì lè mu ún: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi. Láti àná ni ọmú mi méjèèjì ti wú, ó le gbagidi, ó ń dán, ó sì ń ro mí dé abíyá. Orí ọmú ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ẹnu sí i, á yọ̀ bọ́, á wá máa ké. Ìyá ọkọ mi ń fi tówẹ́ẹ̀lì inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń fún un tagbáratagbára, àmọ́ ńṣe ló ń le sí i. Wọ́n ní kí ọmọ máa mu omi glúkóòsì ná títí ọmú yóò fi rọ̀. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọmú? Oògùn wo ni mo lè lò tí kò ní pa ọmọ lára? Ìyá ìkókó, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, Olúwa á wò ó fún yín. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dá tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná yẹn dúró lónìí, ẹ má sì fún ọmọ ní omi glúkóòsì. Àwọn méjèèjì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọmú yín rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wàrà nìkan ló kún inú ọmú tó bá le báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, èròjà ara kan tó ń jẹ́ progesterone á já wálẹ̀ lójijì, ìyẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún wàrà láti ya dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Bí wàrà ṣe ń dé ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ náà ń ya lọ sí ọmú, tí omi ara ń jò látinú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sínú ẹran ọmú. Tí wàrà kò bá jáde déédéé, yóò fún àwọn òpó náà mọ́, omi ara tó jò kò ní ríbi gbà padà, wíwú á wá máa gun orí wíwú. Ẹni tí wọ́n fa omi sí lára fún wákàtí púpọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ, omi ti pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wo ọrùn ẹsẹ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí òun náà wú.

Nítorí náà, apá kan ohun tó le nínú ọmú yín jẹ́ wàrà, apá kan jẹ́ ẹran tó wú. Ọwọ́ lè fún wàrà jáde, kò lè fún wíwú jáde. Ta ni yóò máa fi agbára fún ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, kó wá retí pé yóò fọn? Fífún tagbáratagbára ń ṣe ẹran ọmú léṣe, omi gbígbóná sì ń fẹ òpó ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè túbọ̀ ya wá síbẹ̀. Ara á kọ́kọ́ tù yín níwọ̀n ìgbà tí tówẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kan á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún màmá. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, iṣẹ́ mìíràn sì wà fún wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí tó wúlò jù ú lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni àyíká dúdú tó yí orí ọmú ká. Orí ọmú nìkan kọ́ ni ọmọ ń mu. Àyíká dúdú yẹn ló ń kó sẹ́nu tó fi ń rí wàrà fà. Bí ibẹ̀ bá le tó sì tẹ́jú, kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ lè dì mú, orí ọmú lásán ni yóò máa jẹ, ìyẹn ló ń dá egbò síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rọ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí èékánná yín má gùn. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ìrọ̀rí kan ṣoṣo wà lábẹ́ orí, torí pé bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, omi tó wú ibẹ̀ á rọrùn láti padà sẹ́yìn. Ẹ to orí ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún àti mẹ́ta ọwọ́ òsì yí orí ọmú ká, kí wọ́n fara kan ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ tẹ̀ wọ́n wọlé tààrà sí ìhà àyà, jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n kó dúró ṣinṣin, kí ìka má yọ̀ rìn lórí awọ. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta láìgbé e kúrò. Ọmú tó wú bíi tiyín lè gbà tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, ẹ ó rí ojú ìka mẹ́fà tó jin sínú awọ, orí ọmú á sì ti yọ síta díẹ̀. Ẹ wá gbé ìka sí àárín àwọn ojú yẹn, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń ro yín, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wàrà díẹ̀ jáde. Àtàǹpàkò lókè, ìka tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí orí ọmú tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ pa ìka méjèèjì pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Tì, pa pọ̀, tú. Ẹ má fa ìka wá sí iwájú, ẹ má sì fún orí ọmú fúnra rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó rí ju ẹ̀kán kan lọ, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wàrà kò sí. Tí àyíká dúdú bá ti rọ̀ tí ẹ lè fi ìka méjì ká a, ó tó, ẹ dáwọ́ dúró.

Ibí yìí ni iṣẹ́ màmá wà: kí wọ́n ti gbé ọmọ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ó ti jí, torí pé wíwú náà kì í pẹ́ kó tó padà sí àyíká dúdú. Nítorí ojú iṣẹ́ abẹ, ẹ jókòó, ẹ gbé ọmọ sí abẹ́ apá lórí ìrọ̀rí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn yín. Kò ní fara kan ikùn. Imú rẹ̀ ni kó kọjú sí orí ọmú. Ẹ dúró títí á fi la ẹnu gbàgàdà, kí ẹ wá fa òun mọ́ra. Ẹ má tẹ̀ síwájú láti ki ọmú sí i lẹ́nu. Ó di ọmú mú dáadáa bí àgbọ̀n rẹ̀ bá wọnú ọmú, tí ètè ìsàlẹ̀ yí síta, tí àyíká dúdú tó ṣẹ́kù sì hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́tí sí i, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bí ó bá ṣì ń ta yín lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ìka yín bọ igun ẹnu rẹ̀ kí ó lè tú u sílẹ̀, ẹ tún un gbé. Ẹ má fà á já.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni kó máa mu ún láàárín wákàtí 24, tòru tọ̀sán. Bí ó bá ti pé wákàtí mẹ́ta láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kẹ́yìn, tó ṣì ń sùn, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ ra á lẹ́sẹ̀, kó jí. Kí ó mu ọ̀kan títí yóò fi tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó fún un ní èkejì. Èyí tó bá fi kẹ́yìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Bó ṣe ń mu ún, ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọmú lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti àyíká dúdú lọ sí abíyá. Ìhà abíyá ni omi ara ń gbà padà, ẹ má darí ọwọ́ wá síwájú.

Bí ọmọ bá ti mu tán, òtútù ló kàn. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé píọ́ wọ́tà tó ti dì, ẹ gbé e sórí ọmú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ fo orí ọmú. Tí kò bá sí iná, aṣọ tí ẹ rì bọ omi àmù náà wúlò, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń lọ́. Àwọn kan máa ń lo ewé kábéèjì tútù nínú kọ́mú. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má na owó sí i, ó jọ pé òtútù ara rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà kan péré ni mo fọwọ́ sí ohun tó lọ́: aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ṣáájú kí ọmọ tó mu, bí wàrà kò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Omi ìwẹ̀ lílọ́ kò sí nínú ìjà yìí o, ẹ máa wẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ: ọwọ́ yín tó fún èyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣí agbára rẹ̀ jù ń fa omi wíwú wá sí àyíká dúdú, ibi tí a kò fẹ́ kó wà gan-an. Ó tún ní ìṣòro mìíràn: ìwọ̀n tí ẹ bá kó jáde ni ara ń gbà pé ọmọ nílò, ẹni tó bá sì ń fa ọmú gbẹ lójoojúmọ́ ń pàṣẹ púpọ̀ sí i ni. Bí ẹ bá ti ní in nílé, ẹ fi í sí agbára tó kéré jù, kí ẹ dúró bí ọmú bá ti rọ̀. Ọ̀ràn kan ló yàtọ̀: bí ọmọ kò bá lè di ọmú mú rárá lẹ́yìn gbogbo èyí. Nígbà náà, ẹ máa fún wàrà jáde ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra, kí ẹ fi ife kékeré tàbí ṣíbí fún un mu, kí agbẹ̀bí sì wò yín lọ́jọ́ náà. Wàrà tí ẹ fún lè wà níta fún wákàtí mẹ́rin nínú yàrá tí kò gbóná ju 25°C lọ. Yàrá wa máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ tètè fún un mu.

Omi glúkóòsì ńkọ́? Ikùn ọmọ ọjọ́ mẹ́rin kéré. Ohunkóhun tó bá gba àyè níbẹ̀, iye wàrà tó yẹ kó mu á ṣẹ́kù sínú ọmú yín, ọmú á tún le. Àgbo àti omi lásán náà ń ṣe ohun kan náà, omi tí kò mọ́ sì lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá a. Wàrà nìkan ló nílò títí di oṣù mẹ́fà.

Oògùn tí kò léwu fún ọmọ ni paracetamol: oníhóró 500 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí mẹ́fà síra, kí ó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí mẹ́jọ síra, máa ń dín wíwú kù ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì lè lọ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn tí ilé ìwòsàn fún yín relé: bí diclofenac bá wà nínú rẹ̀, ẹ má fi ibuprofen kún un, ìran kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, àìsàn kíndìnrín, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lò ó. Ẹ má ra antibáyótíìkì lọ́wọ́ oníkẹ́mísì fún ọmú tó kàn kún; kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀ tí yóò pa.

Kọ́mú tó gbé ọmú ró láìfún un ni kí ẹ wọ̀, kó má ní wáyà. Ẹ má fi ọ̀já di ọmú mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó tó wú ní abíyá, kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù: ẹran ọmú máa ń dé ibẹ̀ lára àwọn obìnrin mìíràn, òun náà ti gbọ́ pé wàrà dé ni. Òtútù nìkan ni kí ẹ gbé lé e, ẹ má fún un.

Bí ọmọ bá ń mu ún dáadáa, ọjọ́ kan sí méjì ni líle yìí sábà máa ń lò. Bí ọmú kan bá wá gbóná ju èkejì lọ, tí apá kan rẹ̀ le tó ń dán, ó lè ti di àrùn ọmú. Pípọ́n tí ìwé máa ń sọ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó, ẹ má gbójú lé àwọ̀. Ẹ ṣì máa fún ọmọ ní ọmú náà, wàrà rẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan, kí ẹ sì lọ rí dókítà bí kò bá dára sí i láàárín wákàtí 24. Kókó tó rọ̀ bíi pé omi wà nínú rẹ̀ tàbí ọyún kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Ara gbígbóná tó bá ti dé 38°C, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ojú egbò, ilé ọmọ tàbí ibà lè wà nídìí rẹ̀, kó jẹ́ pé ọmú ni a ń dá lẹ́bi.

Kí ẹ sì máa ka ìlédìí ọmọ. Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó kéré tán kó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Láti ọ̀la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti kúrò ní dúdú bọ́ sí yẹ́lò. Bí ojú tàbí ara rẹ̀ bá ń pọ́n bí òróró, bí ó bá ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí mu ọmú, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí ti ọjọ́ ìbí, bíi kí ọmọ kílò 3 wá sísàlẹ̀ 2.7, ẹ má dúró de ìgbà tí ọmú bá rọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.