Ìrẹsì inú súṣì ni kí ẹ ṣọ́, kì í ṣe ẹja

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àtọ̀gbẹ irú kejì ni dókítà ní mo ní, metformin nìkan ni mo sì ń lò sí i. Ọmọ mi obìnrin mú mi lọ jẹ súṣì, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja, ní ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan, ó ní ẹja kò lè pa alátọ̀gbẹ lára. Nígbà tí mo yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, 13.2 mmol/L ni ẹ̀rọ gbé jáde. Ṣé ẹja tí wọn kò sè yẹn ló fà á? Ṣé kí n má jẹ súṣì mọ́ ni? Ìyá kan, London.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, Mà. Ẹja kọ́ ló fà á, ìrẹsì ni. Tí ìrẹsì súṣì bá ti jinná, fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò fi kéré lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹyọ nigiri kan, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja lé lórí, lè ní nǹkan bíi gíráàmù 7 afáralókun (carbohydrate), èròjà tí ara ń sọ di ṣúgà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá jẹ mẹ́wàá ti jẹ nǹkan bíi 70, nígbà tí ife ìrẹsì funfun kan tí wọ́n ti sè kò ju nǹkan bíi 45 lọ. Àṣìṣe yìí kan náà ni ti àwọn èèyàn wa tó gbà pé àmàlà ògẹ̀dẹ̀ kò ní ìwọ̀n fún alátọ̀gbẹ.

Ẹ lè máa jẹ súṣì, Mà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ sashimi, tí í ṣe ẹja lásán láìsí ìrẹsì, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tàbí edamame, ìyẹn ẹ̀wà sóyà tútù, kí ẹ tó wá fi nigiri mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ẹ yẹra fún tempura, nítorí pé ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń bò ó kí wọ́n tó dín in, àti ọbẹ̀ dídùn tí wọ́n ń dà sórí ẹja eel. Ìrẹsì aláwọ̀ ilẹ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì náà ni, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ka iye rẹ̀. Ní ti sọ́ọ̀sì sóyà, ẹ kàn fi ẹja tọ́ ọ díẹ̀, ẹ má dà á sórí oúnjẹ, nítorí pé iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà jìnnà sí alátọ̀gbẹ.

Ẹ tún yẹ ara yín wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn Diabetes UK, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn alátọ̀gbẹ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀pọ̀ àgbà tó ní irú kejì ni pé kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ má tó 8.5 mmol/L ní àkókò náà, àyàfi tí nọ́ọ̀sì yín bá fún yín ní iye mìíràn. Ẹ kọ 13.2 yẹn àti ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀ fún un.

Metformin nìkan kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀ jù, nítorí náà kò séwu tí ẹ bá dín ìrẹsì kù. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé tó ń gún insulin tàbí tó ń lo gliclazide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, má ṣe yọ ìrẹsì kúrò pátápátá láìkọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ṣúgà tiẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí òòyì yóò fi kọ́ ọ tàbí tí yóò fi dákú.