Kọ̀ǹpútà mélòó ni ọmọ fọwọ́ kàn? Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oyè másítà ni mò ń kà lọ́wọ́, mo sì ń ṣèwádìí nípa bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni. Mo pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún olùkọ́ 60 ní ilé ẹ̀kọ́ 6. Àwọn 54 ló fàlà sí “nígbà gbogbo” níbi tí mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní òun ò gba èsì yìí gbọ́. Níbo ni mo ti ṣì í? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jàre. Ta ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ fún tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kì í lò ó? Àlejò tó gbé fáìlì dání, alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa kà á sí, kó tó la ẹnu rárá. “Nígbà gbogbo” fúnra rẹ̀ ò sì ní òṣùwọ̀n: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni lọ́kàn ẹnìkan, ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù ni lọ́kàn ẹlòmíràn. Olùkọ́ tó fi kọ̀ǹpútà tẹ ìbéèrè ìdánwò ní ọ́fíìsì àti èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn lò ó, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì máa fàlà sí.

Ẹ yí ìbéèrè yẹn padà báyìí: “Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, pírọ́ọ̀dù mélòó ni àwọn ọmọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń kọ́ wọn? Kí ni wọ́n fi ṣe?” Ẹ má bi wọ́n kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, àfojúdá ni wọ́n máa sọ fún yín.

Fọ́ọ̀mù nìkan ò tó ṣá. Ẹ lọ ka ẹ̀rọ. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé yín: iye tó wà nínú ìwé ẹrù ilé ẹ̀kọ́, iye tí ẹ fojú rí, iye tó tàn lójú yín tí kò sì kú fún ìṣẹ́jú 10, àti iye tí ọmọ kankan lò lọ́sẹ̀ yẹn. Ká ní ẹ bá 40, 31, 18 àti 7. Àlàfo àárín wọn gan-an ni ìwádìí yín. Láti 40 dé 31, ẹ máa gbọ́ pé díẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Láti 31 dé 18, bátìrì ti wú, tàbí kí ṣájà ti sọnù. Láti 18 dé 7, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibi tó máa ń wà tí agogo bá lù.

Ẹ fiyè sí ohun kékeré kan níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà tábìlì, bátìrì róbótó kan wà tó jọ owó ẹyọ. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì yọ ọ́ lára iná, ni déètì rẹ̀ máa padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì á wá kọ̀ láti ṣí, torí pé ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀ ò bá déètì yẹn mu. Olùkọ́ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ilé ẹ̀kọ́ á sì máa ra dátà lásán. Ẹ tún déètì ṣe kí ẹ tó kọ “kò sí íntánẹ́ẹ̀tì” sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí agogo bá lù, kì í ṣe ìgbà tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ kọ iye ọmọ tí ọwọ́ wọn wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, àti ohun tí olùkọ́ ń ṣe. Nínú pírọ́ọ̀dù oníṣẹ́jú 40, tí ṣíṣí ilẹ̀kùn, títan ẹ̀rọ àti wíwá páswọ́ọ̀dù bá jẹ ìṣẹ́jú 12, 28 ló kù. Tí ọmọ márùn-ún bá pín ẹ̀rọ kan, ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tí ẹni tó lágbára jù láàárín wọn bá gbà. Ẹ lọ bá kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni wọ́n múra dè.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣé mo lè fi èsì WAEC ìpínlẹ̀ náà ṣáájú 2013 wé ti ẹ̀yìn rẹ̀? — Olùkọ́, Òṣogbo

Rárá o. Lóòótọ́, 2013 ni ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Aregbesola gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà jáde, wọ́n sì ní 150,000 làwọn fẹ́ pín fún ọmọ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ lásìkò yẹn kan náà ni ìjọba ń da àwọn ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, tí wọ́n ń tún ìpele kíláàsì tò. Tí èsì bá gòkè tàbí tó bá wálẹ̀, èwo lẹ fẹ́ gbé e fún?

Ní Peru, kèké ni wọ́n ṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́jú pọ̀. Nínú ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko 319, àwọn tí kèké mú gba láptọ́ọ̀pù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù ò gbà. Ẹ̀rọ tó wà fún ọmọ 100 fò láti bíi 12 sí 118. Lẹ́yìn oṣù 15, ìṣirò àti kíkà ò yàtọ̀ láàárín wọn. Ẹ̀rọ dé, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ò yí padà. Ní Delhi, wọ́n ṣẹ́ kèké fún ọmọ 619 láti mọ àwọn tó máa lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ìṣirò àwọn tí kèké mú gbéra láàárín oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀, torí pé ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń mọ ibi tí ọmọ dé, kó tó fún un níṣẹ́. Olùkọ́ sì tún ń kọ́ wọn ní gúrúpù kéékèèké ní ibùdó kan náà, nítorí náà ẹ má gbé gbogbo ìyìn fún ẹ̀rọ.

Kò sí kèké tí ẹ lè ṣẹ́ fún Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ mọ́. Ohun tí ẹ lè wádìí ni bó ṣe rìn: ẹ wá àwọn tó lò ó, ẹ bi wọ́n iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣí jù, ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹni tó tún un ṣe, àti ẹni tó san owó rẹ̀. Kí ẹni tó bá ṣì ní tiẹ̀ nílé gbé e wá. Ó máa rántí ju ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lọ.

Wọ́n ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ láptọ́ọ̀pù 20. Ṣé inverter pẹ̀lú bátìrì 12V 200Ah kan máa gbé e fún wákàtí mẹ́ta? — Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, Ìsẹ́yìn

Kò lè gbé e. 65W tó wà lára ṣájà, òkè tó lè dé nìyẹn. Ẹ fi 45W ṣírò. Ogún ẹ̀rọ jẹ́ 900W, wákàtí mẹ́ta sì jẹ́ 2,700Wh. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, torí náà ẹ kà á sí 3,200. Bátìrì yín jẹ́ 2,400Wh lórí ìwé (12 lọ́nà 200), àmọ́ tó bá jẹ́ olómi tàbí tubular, ìdajì ni kí ẹ máa lò bí ẹ ò bá fẹ́ kó kú lọ́dún kan. Ìyẹn 1,200. Bátìrì mẹ́ta ló kéré jù; lórí inverter 24V, méjì méjì ni wọ́n ń so ó, ẹ ra mẹ́rin. Lithium 24V 200Ah kan ṣoṣo náà tó. Ẹ má so laser printer mọ́ ọn: tó bá ń gbóná lọ́wọ́, ó lè súnmọ́ 1,000W lẹ́ẹ̀kan, gbogbo kíláàsì á sì kú.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti gbà kí n wọlé. Ṣé mo ṣì nílò ìwé àṣẹ? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Ẹ nílò rẹ̀. Ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ ti máa gbà á; ti girama, mínísírì ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba ohun tó jẹ́ ti ọmọ sílẹ̀, orúkọ tàbí máàkì tàbí fọ́tò, òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí ẹ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́. Ẹ fi A, B, D pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ nínú ìwé yín. Ẹ kó ẹ̀dà lẹ́tà méjì dání, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún yín, nítorí wọ́n lè gbé ọ̀gá tó gbà fún yín lọ síbòmíràn kí ẹ tó padà lọ lẹ́ẹ̀kejì.