Kí ni ìtumọ̀ “tip kur tip kha” lọ́dọ̀ àwọn Khasi?

Ẹnìkan béèrè pé òun gbọ́ pé orúkọ ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Khasi ní Meghalaya, ní ìlà-oòrùn àríwá Íńdíà. Kí wá ni ìtumọ̀ “tip kur tip kha” tí wọ́n máa ń sọ, ṣé baba ò já mọ́ nǹkan kan ni, kí sì ni DNA sọ nípa ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá?

Tip ni “mọ̀”. Kur ni gbogbo ẹni tó ti ara ìyá ńlá kan náà jáde. Ka Iawbei ni wọ́n ń pe ìyá ńlá ọ̀hún. Kha ni ará ilé baba. Nítorí náà: mọ ará ilé ìyá rẹ, mọ ará ilé baba rẹ. Ọ̀kan ni lára òfin mẹ́ta tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn dúró lé. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyekan àti ọbàkan á tètè rí i pé kur dà bí ìyekan tó gbòòrò títí ó fi di odindi ìdílé. Ọmọ kur kan náà kò gbọdọ̀ fẹ́ra wọn. Sang ni, èèwọ̀ tó burú jù. Àbígbẹ̀yìn lóbìnrin ló ń jogún ilé ẹbí, òun náà ló sì ń tọ́jú àwọn òbí.

Baba ńkọ́? Gbólóhùn náà ti dáhùn: ó ní kí o mọ kha pẹ̀lú. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní ọkùnrin Khasi kò ní ẹnu ọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé arákùnrin ìyá, u kñi, ló ń dá sí ọ̀rọ̀ kur.

Ní ti DNA, okùn méjì la lè tọ̀. DNA inú máítókọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá nìkan. Kúrómósóómù Y, ìdì DNA tí ọkùnrin ń ní, ń ti baba lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin. Èdè Khasi bá ti Kàmbódíà, Fiẹtnámù àti ti àwọn Munda ní Íńdíà tan. Lára àwọn Munda, bíi Santal àti Ho, irú Y tí wọ́n ń pè ní O-M95, tó wá láti Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà, pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n okùn ìyá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Íńdíà pátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí fà yọ ni pé ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbé èdè àwọn Munda wọ Íńdíà, wọ́n sì fẹ́ obìnrin tí wọ́n bá nílẹ̀. Orúkọ ìdílé baba sì ni àwọn Munda ń jẹ́.

Ti Khasi yàtọ̀. Okùn ìyá wọn gan-an jẹ́ àdàlù: òmíràn ti ìlà-oòrùn wá, òmíràn jẹ́ ti Íńdíà. Èyí kò yani lẹ́nu tí a bá wo àṣà wọn. Dkhar ni wọ́n ń pe ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe Khasi. Tí ọkùnrin Khasi bá fẹ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ètò kan wà, tang-jait, tí wọ́n fi ń dá kur tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ obìnrin náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí orúkọ wọn fi Khar bẹ̀rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Ìyá àjèjì yẹn ti di Ka Iawbei, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ́ra wọn, bíi ti kur yòókù.