Èsì: Ṣé ìrètí ṣì wà fún ẹgbẹ́ wa?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè pé kí là ń retí nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ kejì ní agbábọ́ọ̀lù tí apá ẹnikẹ́ni ò ká. Èmi rò pé ìrètí ṣì pọ̀.

Ẹ rántí àṣekágbá NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà, lọ́dún 2011, Dallas Mavericks àti Miami Heat; ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ló ń gba ife. Ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù náà, LeBron James, wà ní Miami, àwọn ìràwọ̀ míì, Dwyane Wade àti Chris Bosh, tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú eré kejì, Miami ti fi àmì 15 ṣíwájú nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méje, síbẹ̀ Dallas ló borí, 95 sí 93. Dirk Nowitzki, ọmọ Jámánì tó ń gbá fún Dallas, ló ju bọ́ọ̀lù tó parí ọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì tí ìka rẹ̀ ti fara pa ló sì fi jù ú! Títí dòní, orí mi ṣì máa ń wú tí mo bá rántí.

Ẹ wo bí àwọn ará Dallas ṣe mú LeBron. Shawn Marion ń lẹ̀ mọ́ ọn, Tyson Chandler ń dúró dè é nídìí apẹ̀rẹ̀, nígbà míì gbogbo wọn á pín àyè ṣọ́, kálukú á mú ibi tirẹ̀ dípò kó máa tẹ̀ lé ẹnì kan. Nínú eré kẹrin, àmì 8 péré ló rí gbà, ẹni tó ń gbà ju 26 lọ nínú eré kan, ní ìpíndọ́gba, lọ́dún yẹn. Dallas gba ife, eré 4 sí 2.

Ó ń dunni kí ẹnì kan ṣoṣo máa fojú ẹgbẹ́ ẹni gbolẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n nínú eré tó ń bọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹni méjì á máa dí i lọ́nà kó tó dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti rí ìyẹn, ọkàn mi á balẹ̀.