Ẹrù tí mo gbé wọ Paris

Àbúrò, o ní ọjọ́ mẹ́rin lo fẹ́ lò ní Paris, pé Lọ́ńdọ̀nù lo ti ń bọ̀, pé báàgì ẹ̀yìn nìkan lo máa gbé, o sì ń béèrè bóyá yúrò 60 lójúmọ́ á tó ọ. Màá dé orí owó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́: kílò mélòó ni báàgì náà?

Tèmi jẹ́ kílò 19. Mo wọ̀n ọ́n ní Leeds kí n tó kúrò nílé, inú mi sì dùn pé kò wọ 20. Ṣòkòtò jíǹsì mẹ́ta, bàtà méjì, gàrí, àti áyọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ni, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Mi ò fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì mi rún nínú fọ́tò. Àmọ́ ihò iná ilẹ̀ Faransé kì í gba ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo pọn áyọ́ọ̀nù káàkiri Paris bí ọmọ ọwọ́, kò gbóná lẹ́ẹ̀kan.

Kí n tó gbàgbé: káàdì ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe físà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen, èyí tó wà fún ilẹ̀ Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn. Yúrò 90 ni wọ́n ń gbà fún un láti June 2024, wọn á sì tún béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó tó yúrò 30,000, ó kéré tán. Ní èbúté Dover, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ni ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ìwé wò. Wọ́n sọ ọmọ wa kan kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì wa lóru. Ó gbé ẹrù rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ ní Bercy, ní Paris, láàárọ̀ kùtù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú oṣù August. Họ́sítẹ́ẹ̀lì tí mo ti sanwó sí ní ibùsùn mi kò ní ṣófo títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣùgbọ́n pé àwọn lè bá mi tọ́jú báàgì ní yúrò mẹ́fà. Mo ní mi ò san. Yúrò mẹ́fà! Ahun yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Mo gbé e, ó di Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Paris. Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ká tiẹ̀ ní ó ṣí, báàgì tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 55 sí 35 sí 20 lọ kì í wọ ibẹ̀. Mo jókòó síwájú ilé onígíláàsì yẹn, mo mu omi, mo tún dìde, ó di ilé ìṣọ́ Eiffel. Èrò mi ni pé màá fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn 674 tó lọ sí àjà kejì, torí ó dínwó ju ẹ̀rọ agbéniròkè lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo báàgì mi, ó mi orí. Kò sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹrù níbẹ̀.

Mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Montmartre, àdúgbò orí òkè, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Abbesses. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ibùdókọ̀ yẹn ló jìn wọlẹ̀ jù ní gbogbo Paris, mítà 36. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ o, èrò ló pọ̀ nídìí rẹ̀, ni mo bá gba àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ọ̀hún ń yí bí ìkarahun ìgbín. Àwòrán mèremère ló wà lára ògiri, mi ò rí ọ̀kan wò. Mo ka àtẹ̀gùn dé 100, mo dákẹ́ kíkà.

Nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur ni àwọn ọkùnrin tó ń fi òwú so ènìyàn lọ́wọ́ wà. Ọ̀kan di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí bóyá ọmọ Áfíríkà ni mí. Nígbà tí mo fi máa gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, ṣísí ni ojú báàgì mi lókè wà, yúrò 140 ti fò lọ. Mi ò lè búra pé àwọn olówùú ni. Ó lè jẹ́ inú ọkọ̀ ni jàgùdà ti ṣe mí, èmi tí ẹ̀yìn mi ti kú sábẹ́ ẹrù, kí ni mo fẹ́ mọ̀? Àlejò lójú, kò fi ríran.

Nítorí náà, kílò méje, ó pọ̀ jù, mẹ́jọ. Aṣọ mẹ́ta, fọ ọ̀kan lálaalẹ́. Owó àti pásípọ́ọ̀tù, ara ni kí o so wọ́n mọ́. Nínú ọkọ̀, yí báàgì sí àyà. Mú àgádágodo dání, torí họ́sítẹ́ẹ̀lì á fún ọ ní àpótí ṣùgbọ́n kò ní fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ní kí o san yúrò mẹ́fà kí wọ́n tọ́jú ẹrù, san án, kí o sì dúpẹ́.

Owó wàyí. Ibùsùn mi jẹ́ yúrò 38 lálẹ́ kan, nínú yàrá ẹni mẹ́jọ. Nínú 60 rẹ, 22 ló kù, ó sì ṣeé fi jẹun tí o bá ń ra búrẹ́dì gígùn, wàràkàṣì àti èso ní ọjà, tí o kò sì ra omi. Omi ẹ̀rọ tó wà lójú pópó ṣeé mu. Wàá rí àwọn kan tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, tí ère obìnrin mẹ́rin fi orí ru òrùlé wọn. Richard Wallace, olówó Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fi wọ́n ta ìlú lọ́rẹ láti 1872. Louvre ló máa ba ìṣirò jẹ́: láti January 2026, yúrò 32 ni fún ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Bí owó bá há, lọ sí Carnavalet, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Paris fúnra rẹ̀, àti ilé iṣẹ́ ọnà Petit Palais. Ọ̀fẹ́ ni wíwo àwọn ohun tí wọ́n máa ń pàtẹ síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀fẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame náà, ó ti ṣí padà láti December 2024 lẹ́yìn iná 2019.

Kí o tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, sọ "Bonjour" ná. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí onílé, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà á sí. Kò yẹ kó nira fún ọmọ Yorùbá, Lọ́ńdọ̀nù ló ti bà wá jẹ́.

Má gbé oúnjẹ. Wọ ọkọ̀ ìlà 4, sọ̀ ní Château Rouge: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹja, gbogbo rẹ̀ ń bẹ. Ibẹ̀ ni mo forí lé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń fi fóònù ròyìn ìyà mi fún ìyá mi, ni màmá kan tó ń yan àgbàdo bá dá mi lóhùn ní Yorùbá. Ará Àjàṣẹ́ ni, Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó fún mi ní àgbàdo kan, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ta lo ń ru ẹrù yìí lọ fún?" Mo ṣí báàgì níbẹ̀, mo gbé gàrí fún un, ó gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo tún na áyọ́ọ̀nù sí i. Ó wo ẹnu wáyà rẹ̀, ó ní rárá, òun ò ní ihò tó máa gba èyí.