Ìbéèrè: Ṣé ìrun mi ti bàjẹ́ nítorí oògùn Ṣáínà?

Àsàlámù àláékúmù, Ààfáà. Kábbà níbí ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún 9 tí eczema, àrùn awọ tó ń mú ara yún, ti ń bá mi fínra. Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, màá họ ara títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bàbá kan nínú àsàlátù wa ló ta ìpara Ṣáínà kan fún mi, pẹ̀lú ewé àti èèpo igi gbígbẹ tí mò ń sè mu. Ọjọ́ 4 péré, ara mi ti ń dán. Ọ̀dọ́ oníwáàsí kan wá ní oògùn kèfèrí ni, pé yin àti yang, agbára méjì tí wọ́n gbà gbọ́ pé ó ń darí ara, ló wà nídìí rẹ̀, pé èèpo kòkòrò wà nínú àgbo náà, nítorí náà kí n san gbogbo ìrun oṣù 3 tí mo ti ń lò ó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa àláékúmù sàlámù. Òkun, ìyá wa. Kò sí ìrun kankan tí ẹ máa san.

Ọmọ náà ti yára jù. Oògùn kì í kírun, kì í sì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí òun náà ń gbé mì, ara ewé tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ayébáyé ni Tu Youyou ti yọ ọ́, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Ìrun mélòó lòun ti san nítorí ibà? Ẹni tó bá gbà pé yin àti yang ló ń darí ara láìsí Ọlọ́hun ti bọ́ sínú ẹbọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wá bí òun ṣe máa rí oorun sùn, kí ló kàn án níbẹ̀?

Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, yọ̀ǹda síílíkì fún Súbéírù àti Abdur-Rahmān ọmọ Awf nítorí ara tó ń yún wọn. Bùhárí àti Múslímù ló gbà á wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ síílíkì yẹn le ju báyìí lọ lójú Ìmámù Málíkì wa, kí ẹnikẹ́ni má lọ dá agbádá síílíkì nítorí tèmi. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé Ànábì kò sọ fún wọn pé ara yíyún lásán ni, kí wọ́n máa fara dà á.

Lóòótọ́ ni àwọn oníṣègùn Ṣáínà máa ń fi èèpo tí kòkòrò kan bọ́ sílẹ̀ lára igi sínú àgbo ara yíyún. Ìwé Khalil, ìwé òfin Málíkì tí a kọ́ ní ilé kéwú, ní òkú ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀, mímọ́ ni. Kò ba àlùwàlá jẹ́, kò ba ìrun jẹ́. Mímu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí. Bí ẹ bá rí àgbo tí kò ní in, ẹ gba ìyẹn. Tó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, n ò ní bá yín dọ́gbọ́n sí i. Táríkì ọmọ Suwayd bi Ànábì nípa ọtí tí òun fi ń ṣe oògùn, ó ní àrùn ni, kì í ṣe oògùn.

Àmọ́ ìyá wa, ọjọ́ 4 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Àìsàn ọdún 9! Lọ́dún 1999, àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ ìpara 11 wò tí wọ́n ń pè ní ewé Ṣáínà. Dexamethasone wà nínú 8. Sítẹ́rọ́ìdì ni. Ó ń pa ara yíyún kíá, àmọ́ tí a bá ń fi í pa ara títí, awọ á máa fẹ́lẹ́, tí a bá sì dá a dúró lójijì, àrùn náà lè padà dé kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti rí irú ike bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó kéré bí ìdérí ìgò, òdòdó pupa wà lórí rẹ̀, ìwé Ṣáínà yí i ká, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣe é. Ẹnì kan wá lẹ bébà mọ́ ọn: "Oògùn Sunna". Sunna ta ni? Ànábì ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ó tún ní ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n sí oníṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Ibí ni bídí'à wà. Kí oníwáàsí wa wá bínú síbí.

Àgbo tí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan jáde ní Hong Kong lórí ọmọ 85 tó ní eczema. Wọ́n fi oríṣi ewé àti èèpo 5 ṣe kápúsù fún apá kan, apá kejì gba èyí tí kò ní nǹkan nínú. Nígbà tí wọ́n wo awọ wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ayé dẹrùn sí i fún àwọn tó lo ewé, ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń lò sì dín kù. N ò ní fojú di ìyẹn. Kí èèyàn sùn mọ́jú, kó dúró nínú sàfù láì máa họ ara, nǹkan ni.

Ní ti àlùwàlá, ẹ nu ìpara tó bá nípọn kúrò kí omi lè kan ara. Ibi tó bá ti là, tí omi á mú un burú sí i, ẹ fi ọwọ́ tútù pa á. Bí ìyẹn náà bá ń ni yín lára, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ pa orí aṣọ.

Ẹ má fúnra yín dá ìpara náà dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbé e tike tike, àti ewé yẹn, lọ bá dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, kí ẹ sọ gbogbo oṣù 3 náà fún un. Ẹ fi bàbá tó tà á fún yín sílẹ̀ fún èmi. Mo máa rí i ní Jímọ̀.