Gẹ̀ẹ́sì wo ni mo lè fi dá ọjọ́ pẹ̀lú dókítà, tàbí kí n fi sún un?

Ará Kàbà kan ló béèrè; ó fẹ́ pe ọsibítù kan ní Lọ́kọ́ja, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ẹ pè, kí ẹ sọ pé: "I'd like to make an appointment with the doctor, please." Tí wọ́n bá bi yín ní ọjọ́, "Is Thursday morning all right?" ti tó.

Ibi tó ń dàrú ni ká yí ọjọ́ padà. Àwa Yorùbá máa ń ní a "sún un síwájú" tí a bá fẹ́ kó pẹ́ sí i. Ẹ má wá tú u sí "bring it forward" o! Kó tètè dé nìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ́ fún akọ̀wé kan rí, mo rò pé mo ti gba ọ̀sẹ̀ kan sí i, àṣé ọ̀la ló kọ sílẹ̀ fún mi. "Could we postpone it to next week?" ló yẹ kí n sọ.

Bí mọ́tò bá dá yín dúró lọ́nà: "I'm on my way from Kabba, but I'm running 30 minutes late." Tí ẹ ò bá lọ mọ́ rárá: "I need to cancel my appointment."